Ìlàjì Karawun Àgbọn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí ọ̀nà ọlọ́dà tó gba Ìjànikin kọjá wá sí ọ̀dọ̀ wa, mi ò rò pé ohun kan lè tóbi ju ilẹ̀ Màmá Àgbà lọ. Ilẹ̀ yanrìn ni, láàárín ọ̀sà àti òkun, lápá Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé èèyàn dé. Bí a bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ó máa gbọ́ ariwo òkun lápá kan, a ó máa gbóòórùn ẹja yíyan lápá kejì. Mo gbìyànjú láti ka igi àgbọn tó wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ibi tí ebi bá ti pa mí ni mo ti máa ń dúró.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà létí omi, ẹ ò ní gbàgbé irú òwúrọ̀ tí mò ń sọ yìí. N ó gbálẹ̀ àgbàlá, n ó kó èèpo àgbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, n ó bọ́jú, n ó mu gààrì tí a fi àgbọn sí, n ó wá sáré lọ bá ọkọ̀ tó ń kó wa sọdá lọ sí ilé-ìwé nínú ìlú. Bí mo bá dé lọ́sàn-án, iṣẹ́ àgbọn ló ń dúró dè mí. Màmá mi a máa se òróró àgbọn tà, èmi ni mo sì ń bá a rin àgbọn lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí. Páànù yẹn jẹ nínú ìka mi ju bí èmi ṣe jẹ nínú àgbọn lọ. Bí Màmá Àgbà bá sì ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń jẹ ẹ́, yóò bu omi kún karawun méjì, yóò gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, yóò ní kí n kúnlẹ̀ sórí yanrìn kí n nawọ́. Ẹ̀kán omi kan kò gbọdọ̀ dànù. Ìgbà tí apá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀rín á pa á, á ní kí n dìde, á wá bu àgbọn tí mo tìtorí ẹ̀ jìyà fún mi. Ìyà karawun ni èmi àti àwọn ọmọ ilé ń pè é.

Màmá Àgbà ló bí bàbá mi. Ègùn pọ́ńbélé ni. Yorùbá tó gbọ́ kò ju èyí tó fi ń kí èèyàn àti èyí tó fi ń nájà lọ. Ègùn la ń sọ nílé, Yorùbá lójú pópó, Òyìnbó ní ilé-ìwé, nítorí náà ahọ́n mi ti mọ bí a ṣe ń sọdá láti kékeré. Bàbá mi ń wa katakata fún àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ọlọ́dà náà, ọjọ́ Sátidé nìkan la ń fojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Sẹ̀wánù, tó jẹ́ apẹja, ló ń bá wa gbé.

Ohun kan wà tí àwọn ará ìlú ńlá kò mọ̀ nípa wa. Ní ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ lọ́tọ̀, igi lọ́tọ̀, èso orí igi lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá bí ọmọ ní ìdílé wa, wọn yóò gbin àgbọn kan, wọn yóò sì ri ìwọ́ ọmọ náà mọ́ ìdí rẹ̀. Igi yẹn di ti ọmọ náà títí ayé. Tèmi tẹ̀ sápá ọ̀sà bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mumi, mo sì máa ń jókòó sórí ìtẹ̀ yẹn ka ìwé mi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí gbogbo igi wọ̀nyẹn dúró lé, ti ẹbí ni, ti àwọn tó ti kú àti ti àwọn tí a kò tíì bí. Ẹnikẹ́ni kò lè tà á, nítorí ta ló fẹ́ bá àwọn tí a kò tíì bí sọ ọ́?

Bí ẹnì kan bá nílò nǹkan, èso igi ló lè fà lé ẹlòmíì lọ́wọ́, kí onítọ̀hún máa ká a fún iye ọdún tí wọ́n bá jọ sọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọn yóò mú àgbọn kan tó gbó, wọn yóò fi ẹ̀yìn àdá là á sí méjì, wọn yóò jọ jẹ inú rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tó ni igi yóò mú ìlàjì karawun kan, ẹni tó gba èso yóò mú ìlàjì kejì. Àgbọn méjì kì í là bákan náà láéláé, ẹ dán an wò nílé yín. Ọjọ́ tí ọdún bá pé, àwọn méjèèjì yóò gbé ìlàjì wọn wá, wọn yóò fi ẹnu wọn kanra. Bí wọ́n bá bára mu, ọ̀rọ̀ parí, igi ti padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mo rí i tí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójú mi, kò sì sí ẹni tó jà níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni owó epo rọ̀bì dé. Àwọn ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí etí òkun wa lọ́jọ́ Sunday, pẹ̀lú rẹ́díò, pẹ̀lú kúlà tí yìnyín kún inú rẹ̀, pẹ̀lú awò dúdú lójú. Wọn a wo òkun, wọn a wo igi wa, wọn a máa na ọwọ́ síbí sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń pín yàrá ilé. Inú àwa ọmọdé dùn sí wọn, nítorí wọ́n máa ń fi búrẹ́dì sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í nìkan wá. Oníbáàgì la sọ ọ́, nítorí báàgì aláwọ pẹlẹbẹ kan tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó mọ èèyàn kí. Yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá Àgbà lórí yanrìn, yóò wá dìde gbọn yanrìn kúrò lára àgbádá. Ó ń gbé mílíìkì alágolo wá fún un. Ó ń bi í ní ìbéèrè nípa igi, nípa ìwọ́, nípa karawun, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, nítorí kò sí àgbàlagbà tó ti bi mí ní ìbéèrè tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnu mi ló ti kọ́ gbogbo àṣà wa.

Nígbà tó mọ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní òun fẹ́ gba èso àgbọn gbogbo ilẹ̀ náà fún ọdún mẹ́rin. Òun yóò fún Sẹ̀wánù ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tuntun, òun yóò sì fi páànù kan òrùlé Màmá Àgbà. Ẹ́ńjìnnì! Àjẹ̀ ni Sẹ̀wánù fi ń wa ọkọ̀ láti ọmọdé, èjìká rẹ̀ kan sì ti ga ju èkejì lọ. Kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Màmá Àgbà bi Oníbáàgì léèrè lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, pé ṣé èso nìkan ni. Ó ní èso nìkan ni.

Ọ̀sán Thursday ni ó wá parí ọ̀rọ̀ náà, ọjọ́ tó mọ̀ dájú pé bàbá mi kò sí nílé. A la àgbọn, a jẹ ẹ́. Oníbáàgì fúnra rẹ̀ jẹ, ó ń pọ́n ẹnu lá, ó ní àgbọn ibí yìí yàtọ̀. Màmá Àgbà mú ìlàjì tirẹ̀, ó fún Oníbáàgì ní ìlàjì kejì, onítọ̀hún gbé e sínú báàgì. Lójú Màmá Àgbà, ọ̀rọ̀ ti parí. Àfi bí Oníbáàgì ṣe fa ìwé jáde.

Ìwé náà gùn, ó ní òǹtẹ̀ tó pupa bí epo lẹ́yìn rẹ̀. Mo wà ní kíláàsì kẹrin, èmi ni mo sì ń gba ipò kìíní, nítorí náà mo nawọ́ láti kà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó fà á sẹ́yìn.

"Sẹ́nàmi, ọmọ dáadáa. Ìwé àgbọn náà ni. Ohun tí a jọ fẹnu sọ ni mo kọ síbẹ̀. Ṣáà sọ fún Màmá pé ìwé àgbọn ni."

Mo sọ fún Màmá ní Ègùn pé ìwé àgbọn ni. Ó bi mí bóyá aìgbà wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ nìyẹn ní Ègùn wa. Mo bi Oníbáàgì. Ó ní rárá o, kí ni òun fẹ́ fi ilẹ̀ yanrìn ṣe? Mo ní kò sí aìgbà níbẹ̀. Màmá Àgbà ní "A wanu," ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni, ó sì gbé àtàǹpàkò rẹ̀ fún un, Oníbáàgì tì í bọ inú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Sẹ̀wánù náà tẹ tirẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti gbé sílẹ̀ létí omi.

Ó wá yíjú sí mi. Ó ní òun gbọ́ pé ọwọ́ mi dára nínú ìwé kíkọ. Kí n kọ orúkọ mi síbí, ní ìsàlẹ̀, kí òun wò ó. Mo fi báírò rẹ̀ kọ ọ́, mo fi ìrù sí lẹ́tà ìgbẹ̀yìn bí tíṣà wa ṣe ń ṣe é. Ó yìn mí, ó fún mi ní báírò náà. Mo fi ń ṣakọ ní ilé-ìwé fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ́ńjìnnì yẹn ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ó lé díẹ̀. Nígbà tó kú, adìẹ Màmá mi ń sùn lórí rẹ̀. Páànù òrùlé pariwo lábẹ́ òjò débi tí Màmá Àgbà fi ní kí wọ́n bá òun dá koríko òun padà. Èyí tí a fi ń ṣe ẹ̀rín nìyẹn, títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ ńlá kan fi gúnlẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń já òpó kọnkéré àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún sórí yanrìn wa. Ọdún mẹ́rin kò tíì pé. Wọ́n ní ilẹ̀ ọ̀gá àwọn ni, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́.

Bàbá mi dé lọ́jọ́ Sátidé, ó gba ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́ olórí òṣìṣẹ́, ó kà á lórí ìdúró. Ó kà á débi orúkọ mi. Ìgbànú rẹ̀ ló bọ́, kò sì tíì bọ́ ọ fún mi rí ṣáájú ọjọ́ náà. Màmá Àgbà ló sáré wọ àárín wa. Ó na ọwọ́ sí karawun tó wà lájà, ó ní kí ló ń bẹ̀rù, ìlàjì òun wà níbí, ìlàjì Oníbáàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò sọ pé òun kò rí i? Ó dá a lójú pátápátá. Ìdánilójú yẹn ló ń dùn mí ju ìgbànú lọ.

A lọ sí ilé-ẹjọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà. Èdè Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, akọ̀wé kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún Màmá Àgbà, ẹni tí Yorùbá rẹ̀ kò ju ti ọjà lọ. Mo jókòó lẹ́yìn, mo sì ń rí i tó ń mi orí sí ohun tí kò yé e, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n rò pé òun ya aláìgbọràn. Wọ́n ka ìwé náà jáde. "Fíì símpù," wọ́n ní. "Àpọ́tẹ́nánsì." Oníbáàgì àti àwọn ajogún rẹ̀, àti àwọn aṣojú rẹ̀, àti ẹnikẹ́ni tó bá tún fà á lé lọ́wọ́. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé ilé-ìwé mi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá mi dúró lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ ìtumọ̀ ẹyọ kan.

Ibi kan wà ní ìsàlẹ̀ tó yé mi. Ó ní wọ́n ti ka ìwé yìí sí etígbọ̀ọ́ Màmá Àgbà, wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì hàn gbangba pé ó yé e yékéyéké kó tó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀. Ta ló túmọ̀ rẹ̀? Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìrù lára lẹ́tà ìgbẹ̀yìn.

Wọ́n pè mí sókè. Lọ́yà Oníbáàgì gbé ìwé náà sójú mi.

"Ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n…"

"Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ní kí n máa lọ jókòó. Gbogbo ohun tí mo ti há sórí láti ilé, tí mo kọ́ lórí ìtẹ̀ igi mi, kò sí ẹni tó bi mí níkankan nínú rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ṣàánú mi, kí inú bí yín pẹ̀lú mi. Ọmọ tí wọn ò gbà kí ó sọ̀rọ̀ láàárín àgbàlagbà ni wọ́n gbà pé ó lè túmọ̀ fíì símpù!

Lẹ́yìn náà ni Màmá Àgbà dìde. Ó tú aṣọ tó fi wé ìlàjì karawun rẹ̀, ó gbé e jáde, ó nà án sí Oníbáàgì, ó ní kó gbé tirẹ̀ wá kí wọ́n fi kanra. Akọ̀wé kò gbọ́ Ègùn, kò lè túmọ̀ rẹ̀. Bàbá mi ló ṣàlàyé. Lọ́yà yẹn rẹ́rìn-ín. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi Oníbáàgì léèrè, ó ní òun rántí karawun kan, òun ń gbọn eérú sìgá sínú rẹ̀ nílé, àwọn ọmọ òun ti fọ́ ọ. Adájọ́ ní kí Màmá jókòó, pé ilé-ẹjọ́ kì í wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìwé ni ilé-ẹjọ́ ń wò. Màmá Àgbà kò jókòó. Ó ń wò mí lókèèrè kí n sọ ohun tí wọ́n wí fún òun.

Wọ́n dá wa lẹ́bi. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ti ẹni tó ni ilẹ̀ ni, ohun tí wọ́n ní òfin sọ nìyẹn. Nítorí náà igi bá ilẹ̀ lọ, èso bá igi lọ, ìwọ́ gbogbo wa bá wọn lọ. Bàbá mi kò ní ohun tó lè fi gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú. Sẹ̀wánù kó lọ sápá ẹnubodè.

Ọkọ̀ ojú omi kan ló gbé Màmá Àgbà sọdá wá sínú ìlú, òun, ìkòkò rẹ̀ mẹ́ta àti karawun náà. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ń sunkún, mo ní kó jọ̀ọ́ kó dárí jì mí. Ó ní, "Éò." Rárá nìyẹn ní Ègùn. Ó wá ní kò sí ohun tí òun fẹ́ dárí rẹ̀ jì, ọwọ́ mi ni wọ́n yá lò, wọn kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe fún mi. Ó kú sínú yàrá kan tí òkun kò sún mọ́. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú ìjọ, lórí ilẹ̀ pupa, láìsí igi àgbọn kan nítòsí. Èyí ni mi ò lè gbàgbé, mi ò sì fẹ́ gbàgbé rẹ̀.

Mo ṣe ògbufọ̀ ilé-ẹjọ́ títí tí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀. Ègùn sí Òyìnbó, Yorùbá sí Òyìnbó, Òyìnbó sí gbogbo wọn. Ìwé kankan kò kọjá lọ́wọ́ mi tí mi ò ní ka gbogbo rẹ̀, bí ó bá sì tó ààbọ̀ ọjọ́, kí lọ́yà máa wo aago. Wọ́n kórìíra mi, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Kà-á-tán. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé fíì símpù kò ju pé kí nǹkan jẹ́ tìrẹ àti ti ìran rẹ láìní gbèdéke. Àpọ́tẹ́nánsì kò ju ohun gbogbo tó bá ilẹ̀ rìn, kànga, ọ̀nà, igi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, tí wọ́n bá fẹ́ kí Màmá Àgbà gbọ́ ọ. Mo lè sọ ọ́ ní Ègùn kí omi tó hó. Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ̀ pé òfin ti wà tipẹ́ tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé, tó ní ẹni tó bá kọ ìwé fún un gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní tòótọ́. Ó wà nínú ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ṣí i.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kúrò nídìí tábìlì mi lọ́jọ́ kan, tí mo lọ ti ilẹ̀kùn mọ́rí nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò ju orúkọ ìwé Oníbáàgì fúnra rẹ̀ lọ. "Ìńdẹ́ńṣọ̀" ni wọ́n kọ gàdàgbà sókè rẹ̀. Mo bi akọ̀wé àgbà kan léèrè, bàbá kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, pé kí ló dé tí wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́, ní ìlú àwọn òyìnbó, bí ẹni méjì bá ṣe àdéhùn, wọn yóò kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí awọ kan ṣoṣo. Wọn yóò wá gé awọ náà láàárín, wọn ò ní gé e gbọọrọ, wọn yóò gé e ní págunpàgun bí eyín. Kálukú yóò mú apá kan lọ. Bí ìjà bá dé, wọn yóò gbé méjèèjì wá, wọn yóò fi eyín wọn kanra. Bí kò bá bára mu, irọ́ ni.

Ẹ gbọ́ mi o. Karawun náà ni! Àwọn tó ni òfin yẹn ti la àgbọn tiwọn rí, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé wọn, àwọn lọ́yà ń pè é lójoojúmọ́, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè. Màmá Àgbà dìde sínú ilé-ẹjọ́ wọn pẹ̀lú ohun tí ìwé wọn ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́, wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló gbé ìlàjì tirẹ̀ wá. Ìlàjì ìwé náà tó yẹ kó jẹ́ tiwa ńkọ́? Oníbáàgì kò fún wa ní nǹkan kan ju báírò lọ.

Nígbà náà, ojú ni a fi ń rí ẹni tó ń rẹ́ wa jẹ, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún wa. Lóde òní, a kì í tilẹ̀ rí i. Àwọn ọmọ wa ń ti àtàǹpàkò mọ́ ojú fóònù, wọ́n ń tẹ "mo gbà" sábẹ́ ìwé tó gùn ju ti Oníbáàgì lọ, wọn kì í ka ìlà kan níbẹ̀. Mo bá wọn jà títí ó sú mi. Wọ́n mọ̀wé ju Màmá Àgbà lọ, òun sì béèrè lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo lọ wo igi mi. Ibi ìgbafẹ́ ni ilẹ̀ wa báyìí, ó ní géètì, ó ní òdòdó nínú ìkòkò. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣọ́ géètì kí mi dáadáa, ó tú báàgì mi wò, ó sì fa ìlàjì karawun tí Màmá Àgbà fi sílẹ̀ jáde.

"Ẹ má bínú, Mama. Wọn kì í gbà kí wọ́n gbé food wọlé."

Mo ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jẹ oúnjẹ inú rẹ̀. Ó dá a padà fún mi. Ó wá fún mi ní ìwé kan, ó ní kí n ṣáà sáìnì í nísàlẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń sáìnì í. Mo gbé awò mi wọ̀, mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo kà á sókè látòkèdélẹ̀, mo sì túmọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan sí Ègùn bí mo ṣe ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó gbọ́ ọ níbẹ̀. Àwọn àlejò ń tò sẹ́yìn mi nínú oòrùn. Ìwé náà ní bí omi bá gbé mi, ẹ̀bi mi ni. Bí igi bá wó lù mí, ẹ̀bi mi ni. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ní mo ti kà á, ó sì yé mi yékéyéké.

Ibì kan wà tí wọ́n ti ń béèrè ìdí tí àlejò fi wá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìwọ́ mi wà nínú ilé yín." Mo kọ orúkọ mi, pẹ̀lú ìrù lára lẹ́tà ìgbẹ̀yìn.

"Èyí tèmi dà?" mo bi í.

"Kò sí tiyín, Mama. Ẹyọ kan náà ni, ọ́fíìsì ló ń gbà á."

Ni mo bá di ìwé náà mú lókè àti nísàlẹ̀, mo ya á láàárín, díẹ̀díẹ̀, ní págunpàgun. Ọmọ náà ya ẹnu sílẹ̀. Mo gbé apá kan lé e lọ́wọ́, mo ká apá kejì sínú karawun Màmá Àgbà.

Mo ní, "Ẹ tọ́jú tiyín dáadáa o. A ó fi wọ́n kanra."

Mo sì wọlé lọ bá igi mi.